Kóló àti Ìwé Owó: Bí Àwọn Bàbá Wa Ṣe Ń Ná Owó Ọlọ́run ní Ìdálẹ̀

  

Láti bí oṣù mélòó kan ni ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá ti ń di ìjà láàárín wa. Àwọn ọ̀dọ́ ní owó táwọn ń san ni pásítọ̀ fi ń ra mọ́tò, àwọn ò san mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò bá san án, ègún ló ń fà wá sórí ọjà ẹ̀. A gbọ́ ti ìhín, a gbọ́ ti ọ̀hún. Àwa tí à ń kọ èyí kì í ṣe pásítọ̀, a kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Oníṣòwò ni wá, ìwé mẹ́wàá la kà, ọjà la fi ń jẹun láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n oníṣòwò mọ nǹkan kan: owó tí a kò bá kọ sílẹ̀, owó tó ń wá ọ̀nà àti sọnù ni. Tí ẹ bá sì wo ìtàn bí ìgbàgbọ́ ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá, títí tó fi bá wa dé ìdálẹ̀, ẹ ó rí i pé láyé àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún wa, ẹni tó bá ní kí ìjọ mú owó wá mọ̀ pé ìjọ máa ní kóun mú ìwé wá. Ohun tí a fẹ́ sọ nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀ bá wa ká lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú Bíbélì, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ábúráhámù ló kọ́kọ́ fún Mẹlikisédékì ní ìdámẹ́wàá ìkógun tó kó bọ̀ láti ojú ogun. Jákọ́bù ló tẹ̀ lé e. Ẹ wo ìgbà tí Jákọ́bù jẹ́jẹ̀ẹ́ tiẹ̀: ìgbà tó ń sá kúrò nílé ni, tó fi òkúta ṣe ìrọ̀rí, tó ń lọ ṣe àtìpó lọ́dọ̀ ẹbí ìyá ẹ̀. Ó ní tí Ọlọ́run bá pa òun mọ́, tó fún òun lóúnjẹ àti aṣọ, tó sì mú òun padà sílé baba òun ní àlàáfíà, òun á san ìdámẹ́wàá. Ẹ̀yin ará, ṣé àdúrà tiwa kọ́ nìyẹn?

Nígbà tí òfin Mósè dé, ìdámẹ́wàá di ti àwọn ọmọ Léfì, torí wọn ò pín ilẹ̀ fún wọn bíi ti àwọn ẹ̀yà tó kù. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà níbẹ̀ tí a kì í sábà gbọ́ lórí àga ìwàásù. Èkíní, nínú ìwé Númérì orí 18, àwọn ọmọ Léfì tó ń gba ìdámẹ́wàá náà gbọ́dọ̀ mú ìdámẹ́wàá jáde nínú ohun tí wọ́n gbà. Ẹni tó ń gbà náà ń san. Èkejì, nínú Diutarónómì orí 14, ní ọdún kẹta kẹta, inú ìlú ni wọ́n ń kó ìdámẹ́wàá jọ sí, kí ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó lè jẹ, kí wọ́n yó. Àlejò wà níbẹ̀ o! Àwa gan-an. Ẹ̀kẹta, nínú Nehemáyà orí 13, ìdámẹ́wàá ti dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ Léfì ti sá lọ sóko. Nígbà tí Nehemáyà bá àwọn ìjòyè wí tán, tí ọkà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kò kó o fún ẹnì kan. Ẹni mẹ́rin tí àwọn èèyàn mọ̀ sí olóòótọ́ ló fi ṣọ́ ilé ìṣúra, kí wọ́n máa pín in fún àwọn arákùnrin wọn. Àti pé ilé ìṣúra yẹn, tí Málákì náà ń wí, àká oúnjẹ ni. Kì í ṣe àpò ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wù wá jù ni ti ọba Jóáṣì, nínú ìwé Ọba Kejì orí 12. Ọba ní kí àwọn àlùfáà máa fi owó tó ń wọlé tún ilé Ọlọ́run ṣe. Títí di ọdún kẹtàlélógún ìjọba ẹ̀, wọn ò tún nǹkan kan ṣe. Ni Jèhóíádà àlùfáà bá gbé àpótí kan, ó lu ihò sí ọmọrí ẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Kí là ń pè é lédè tiwa? Kóló ni! Tó bá ti kún, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà ni wọ́n jọ ń kà á, kì í ṣe ẹyọ ẹnì kan. Látibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó káfíńtà àti ti birikilà. Wọ́n ní àwọn oníṣẹ́ náà ṣe òótọ́ débi pé wọn ò tilẹ̀ bi wọ́n léèrè owó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kí owó tó dọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́, ojú méjì ti kà á.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ohun kan máa ya yín lẹ́nu. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ dé, ìdámẹ́wàá kọ́ ni wọ́n fi kọ́ àwọn bàbá wa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiwọn nígbà yẹn, ìdámẹ́wàá ti di owó orí tí òfin fi ń gbà lórí ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ò sì fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n mú wá ni owó kíláàsì.

Ìlú Bristol ni owó kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1742. Àwọn ọmọ lẹ́yìn John Wesley jẹ gbèsè lórí ilé ìsìn tí wọ́n kọ́. Wọ́n jókòó ṣe ìpàdé, ọ̀gá ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Captain Foy dìde, ó ní kí olúkúlùkù máa mú kọ́bọ̀ kan wá lọ́sẹ̀. Ẹnì kan ní tálákà pọ̀ nínú wọn, wọn ò lè rí i. Foy ní kí wọ́n fi ẹni mọ́kànlá tó tòṣì jù sábẹ́ òun. Èyí tó bá rí tiẹ̀ kó mú un wá, èyí tí kò bá rí i, òun á fi tòun dípò. Bí wọ́n ṣe pín ìjọ sí kíláàsì kíláàsì nìyẹn, tí olórí kíláàsì ń lọ láti ilé dé ilé. Nígbà tó ń gba owó, ó tún ń wo ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tí kò rí jẹ, ẹni tó ti ń padà sẹ́yìn. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ẹ̀ gééré, ní oṣù September ọdún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì dé. Àwọn Sàró tí wọ́n ti gba ìgbàgbọ́ ní Sierra Leone ti mọ owó kíláàsì kí wọ́n tó padà wálé. Àwọn CMS náà lò ó.

Owó wo ni wọ́n ń dá nígbà yẹn? Owó ẹyọ ni. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹyọ 20,000, ẹrù tó ń wọ ọkùnrin lọ́rùn. Ẹ rò ó wò, kí wọ́n gbé igbá ọrẹ káàkiri ìjọ, kó jẹ́ owó ẹyọ ló kún inú ẹ̀. Kò sí bí wọn ò ṣe ní jókòó kà á, àwọn ènìyàn púpọ̀ ló sì máa bá wọn kà á. Owó ẹyọ ò ṣeé sáré rọra tì sápò. Bóyá ìdí nìyẹn tí ojú àwọn àgbà fi là sí ìṣirò tó bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, Henry Venn, tó wà lórí iṣẹ́ náà láti ọdún 1841 títí di 1872, ló tẹnu mọ́ ọn pé ìjọ aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ bọ́ ara ẹ̀, kó darí ara ẹ̀, kó sì tan ìyìn rere kálẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń bọ́ni ló ń pàṣẹ fúnni. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí lé orí jù láàárín àwọn ọmọ wa ni James Johnson, ẹni tí gbogbo Èkó ń pè ní Holy Johnson. Nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1877 láti máa bójú tó àwọn ìjọ òkè, ó ní kí gbogbo ìjọ san owó kíláàsì dáadáa, kí wọ́n lè gbọ́ bùkátà àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Àwọn kan yarí. Ọ̀rọ̀ ẹrú tí àwọn onígbàgbọ́ kan ní nílé náà tún dá kún un. Kò pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ rí i pé ìjà lórí owó ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá àwọn bàbá wa ti jà á.

Ṣùgbọ́n àǹfààní ẹ̀ hàn nígbà tí owó òkè òkun dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1861, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ó sì jà títí di 1865. Àwọn Onítẹ̀bọmi ti gúúsù Amẹ́ríkà tó ń rán míṣọ́nnárì wá sọ́dọ̀ wa bọ́ sínú ìyà, owó ò wá mọ́. Ní Èkó, Joseph Harden, ọmọ adúláwọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, kú ní ọdún 1864. Ìyàwó ẹ̀, Sarah Harden, ló dúró ti agbo kékeré yẹn, kò jẹ́ kó tú ká, títí tí W. J. David fi dé ní ọdún 1875. Ọdún mọ́kànlá! Obìnrin kan, opó, láìsí owó oṣù láti ibìkankan. Ní Abẹ́òkúta ẹ̀wẹ̀, oṣù October ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí wọ́n ba ilé ìsìn jẹ́, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde. Àwọn ọmọ ìjọ tó ṣẹ́ kù ló ń kó ara wọn jọ fúnra wọn. Ìjọ tó ti ń dá kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ ọn. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń dá owó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé: ta ló ń pàṣẹ lórí ẹ̀? Ní ọdún 1888, ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó pín sí méjì. Ọ̀rọ̀ owó oṣù pásítọ̀ Moses Ladejo Stone wà nídìí ẹ̀, àti bí míṣọ́nnárì ṣe yọ ọ́ níṣẹ́ láìfi lọ ìjọ. Àwọn tó jáde dá ìjọ Native Baptist sílẹ̀. David Vincent wà lára wọn, òun ló wá yí orúkọ ẹ̀ padà sí Mojola Agbebi. Ní ọdún 1891, United Native African Church dìde. Ní ọdún 1901, ọ̀pọ̀ èèyàn jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's Breadfruit, wọ́n dá Bethel African Church sílẹ̀. Ìwé tó sọ ìdí tí wọ́n fi jáde pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló so gbogbo wọn pọ̀: wọ́n ní àwọn ò lè máa gbé owó sílẹ̀ kí ẹlòmíì máa pàṣẹ láìbi àwọn.

Wọn ò sì jáde kí wọ́n lọ ká ọwọ́ lẹ́rán. Nínú Bethel yìí ni Jacob Kehinde Coker wà, oníṣòwò Èkó tó lọ dá oko kòkó ní ìhà Agége. Owó kòkó ló fi ti ìjọ náà lẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá ṣe àgbàṣe lóko ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ kòkó ni wọ́n ń gbọ́ ìhìn rere, tí wọ́n bá dé ìlú wọn, wọ́n á gbin méjèèjì. Ọkùnrin yẹn ò jókòó ka ìdá mẹ́wàá. Ó na ọwọ́ kọjá ibẹ̀. Ẹni tó bá ní nǹkan kò gbọdọ̀ rò pé tóun bá ti yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìdá mẹ́sàn-án tó kù ò kan Ọlọ́run mọ́. Ìríjú ni wá lórí gbogbo ẹ̀.

Ìgbà wo wá ni ìdámẹ́wàá di ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ? Díẹ̀díẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ yìí gbóná gan-an lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Ní ọdún 1919, wọ́n dá ìpolongo ńlá kan sílẹ̀ láti kó mílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́rin dọ́là jọ láàárín ọdún márùn-ún. Àwọn ìjọ ṣe ìlérí tó ju mílíọ̀nù àádọ́rùn-ún lọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjìdínlọ́gọ́ta ló wọlé. Àwọn ìgbìmọ̀ sì ti yá owó ná lórí ìlérí! Gbèsè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jà fitafita láti san án, ní ọdún 1928, àṣírí tú pé akápò ìgbìmọ̀ míṣọ̀n inú ilé wọn, Clinton Carnes, ti jí owó tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin dọ́là lọ. Òyìnbó o. Ṣọ́ọ̀ṣì o. Wọn ò torí ẹ̀ ní kí ọrẹ dópin. Wọ́n dá owó míì san gbèsè náà, wọ́n sì fún ìṣirò lókùn le sí i. A ò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. A sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé olè inú ilé Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Júdásì ló mú àpò owó lọ́wọ́ nígbà tí Jésù wà láyé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀rọ̀ àwa ará ìdálẹ̀.

Rélùwéè dé Kánò ní ọdún 1911. Àwọn akọ̀wé rélùwéè, àwọn káfíńtà, àwọn télọ̀, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta àti ibòmíì bá a dé. Sabon Gari ni ìjọba fún wọn láti máa gbé, lẹ́yìn odi ìlú. Lugard ti ṣèlérí fún àwọn ẹmíà láti ọdún 1903 pé ìjọba ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wọn, torí náà wọn ò fàyè gba míṣọ́nnárì bó ṣe wù wọ́n lágbègbè yìí. Kí lèyí túmọ̀ sí fún àwọn bàbá wa? Pé tí wọ́n bá fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa kọ́ ọ. Yàrá ẹnì kan ni wọ́n á ti kọ́kọ́ máa pàdé. Ẹni tó mọ̀wé díẹ̀ á ka Bíbélì Yorùbá. Wọ́n á dá owó ilẹ̀, wọ́n á dá owó páànù, wọ́n á ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá wọn wá olùkọ́ni. Nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Yorùbá pé jọ nílùú Ìbàdàn ní ọdún 1914, tí wọ́n sọ ara wọn di ẹgbẹ́ kan lábẹ́ Mojola Agbebi, orúkọ Yorùbá ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́. Kò ju ọdún márùn-ún lọ, wọ́n ti sọ ọ́ di ti Nàìjíríà. Àwọn oníṣòwò tó ti gbé ìgbàgbọ́ wọ ìdálẹ̀ ní ọwọ́ nínú bó ṣe fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá nínú ọjà, bàbá kan wà tí a máa ń bá ṣírò owó nítorí pé ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ kan ni bàbá yìí fi ìwé kan hàn wá, ìwé gígùn tó ti pọ́n, tí ikán ti jẹ létí. Ìwé owó ìjọ wọn ni, láti ìgbà tí a ò tíì bí wa. Orúkọ wà lápá òsì, ọ̀sẹ̀ wà lókè, owó wà láàárín. Kọ́bọ̀. Tọ́rọ́. Sísì. Ẹlòmíì, ṣílè kan. Níwájú orúkọ ìyá kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹyin mẹ́fà ló mú wá, àti iye tí wọ́n tà á. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹni mẹ́ta ló fọwọ́ sí i. Ọ̀kan nínú wọn ò mọ̀wé, àtàǹpàkò ló fi tẹ̀ ẹ́. A bi bàbá pé kí ló dé tí wọ́n fi ẹni tí kò mọ̀wé sí i. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, òun ló mọ owó kà jù nínú wa.”

A ò gbàgbé ìwé yẹn títí dòní. Tọ́rọ́ tó wà nínú ẹ̀, ẹni tó mú un wá mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn ará wa tó lọ sí Gold Coast náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, tí wọ́n ń tajà káàkiri títí dé Tamale, àwọn ni wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ní November ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí. Àwọn èèyàn fi ọjà sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọ yẹn ò parẹ́; àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ gbà á, wọ́n ń sin Ọlọ́run níbẹ̀ di òní. Ẹ wò ó: gbogbo ohun tí àtìpó kó jọ fún ara ẹ̀ lè dàwátì lọ́jọ́ mẹ́rìnlá. Ohun tó kó jọ fún Ọlọ́run, ẹlòmíì ń jẹ àǹfààní ẹ̀.

Báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa, kò dáa kéèyàn máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì kó fi tiẹ̀ sábẹ́ ẹní. Ní àwọn ọdún kan sẹ́yìn, àwa kan nínú ìjọ kan ń dá owó láti fi ra ilẹ̀. A ò ní dárúkọ ìjọ náà. Ọdún mẹ́ta la fi dá a. Ọwọ́ àgbà kan ló wà, èèyàn Ọlọ́run ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó jalè. Kò sí ìwé, kò sí báńkì. Tí ẹnì kan bá ní kí a ṣírò, a ó ní, “Ṣé o ò gbẹ́kẹ̀ lé bàbá ni?” Ojúṣàájú ló pọ̀ lójú wa. Bàbá sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, kò jí. Àwọn ọmọ ẹ̀ láti ilé dé, wọ́n ní àwọn ò mọ owó ṣọ́ọ̀ṣì kankan, owó ọjà baba àwọn làwọn bá. Kí la fẹ́ fi hàn wọ́n? Ìwé wo? A wo ara wa lójú. Ẹni tó dùn wá jù ni ìyá oníṣu kan tó ti ń mú owó wá láìpa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Ìyá yẹn ò bínú, ó kàn dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò dá owó kankan mọ́ títí tó fi padà sílé.

Àwa la pa ìgbàgbọ́ ìyá yẹn. Kì í ṣe bàbá tó kú. Tí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ bàbá ì bá mọ́, ilẹ̀ ì bá wà, ìyá oníṣu ì bá sì ní ohun tó máa tọ́ka sí. Ṣé ẹ rí i, ìwé owó kì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tí a fẹ́ràn ló yẹ kí a fi ìwé dáàbò bò. Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì pàápàá, nígbà tó ń kó ọrẹ lọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, kò dá a gbé. Nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8, ó mú àwọn míì tí ìjọ yàn dání, ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà rí òun bá wí lórí owó ńlá bẹ́ẹ̀. Tí Pọ́ọ̀lù bá ní òun fẹ́ ẹlẹ́rìí, ta ni pásítọ̀ tó ní òun ò fẹ́? Ní ọdún 2020 tí ìjọba ṣe òfin CAMA tuntun, tó fún àjọ tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lágbára láti yọ àwọn alábòójútó tó bá ń ṣe mọ̀kárúùrú, ariwo sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. A mọ̀ pé ọwọ́ ìjọba náà ò mọ́. Ṣùgbọ́n ìjọ tó bá ń ka owó ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kí ló máa bá a lẹ́rù níbẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbọ́. Ẹ ní ẹ ò san mọ́ torí pé àwọn kan ń jẹ ẹ́. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìsìn tí wọ́n ti sọ yín lórúkọ, sísì àti tọ́rọ́ ẹni tí kò lówó tó yín ló kọ́ ọ. Tí ọ́dítọ̀ bá jẹ́ ìṣòro, ẹ wá ṣe ọ́dítọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi ìbínú pa ọwọ́ ọrẹ mọ́ra, ó máa ń mọ́ni lára. Ẹ̀yin àgbà wa náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ègún dẹ́rù ba àwọn ọmọ. Olórí kíláàsì ayé ọjọ́un, nígbà tó bá dé ilé ẹni tí kò rówó san, ara ẹni náà ló kọ́kọ́ ń bèèrè.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan kù fún wa. Ẹ jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú owó àti èrè. A mọ ẹnì kan tó ń yọ ìdámẹ́wàá nínú gbogbo owó tó bá pa lóòjọ́, tó fi jẹ́ pé owó oní-ọjà ló ń san fún Ọlọ́run. Láàárín ọdún kan, ṣọ́ọ̀bù tì, àwọn tó ń kó ọjà fún un láwìn ń wá a kiri. Àgbẹ̀ inú Bíbélì, lára ohun tó hù lóko ló ti ń mú ìdámẹ́wàá, kì í ṣe lára ilẹ̀. San gbèsè ẹni tó fún ẹ lọ́jà, san owó àwọn ọmọ tó ń bá ẹ ṣiṣẹ́, mọ èrè ẹ, kó o wá mú ti Ọlọ́run jáde pẹ̀lú ayọ̀. Ìwé lo fi máa mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá níwèé nínú ṣọ́ọ̀bù, kò lè bi ṣọ́ọ̀ṣì léèrè ìwé.

Ìjọ tí a wà nínú ẹ̀ báyìí, ẹni mẹ́ta ló ń ka owó lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú wọn máa ń jẹ́ ọ̀dọ́, ọ̀kan máa ń jẹ́ ìyá. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kí ọ̀sẹ̀ míì tó pé. Ìdá kan nínú ẹ̀ wà lọ́tọ̀ fún opó, fún ọmọ tí kò rówó iléèwé san, àti fún àlejò tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò láìmọ ibi tó máa sùn, ìbáà jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìbáà má jẹ́. Kò pé. Ìjà ṣì ń wáyé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ò mọ ibi tí owó òun wọlẹ̀ sí.

Ẹ̀bẹ̀ kan la fi máa parí ẹ̀. Tí ìwé owó ìjọ àtijọ́ bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá yín tàbí nínú àpótí ìyá yín, ẹ má fi dáná, ẹ má fi di ẹ̀pà. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Orúkọ tó wà níbẹ̀, a lè má mọ ojú wọn, ṣùgbọ́n orí owó tí wọ́n dá la dúró sí nílẹ̀ onílẹ̀ yìí.

Ọlọ́run á bù sí àká yín. Àjò ò ní gbé wa. Àṣẹ, àmín.